Àlọ́ Tí Ìyàwó Ilé Wa Pa fún Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré lábúlé wa lọ́nà Ìyànà Ọ̀fà, kò sí àlọ́ tí ẹnikẹ́ni lè pa tí mi ò ní í tú. Àní láti Ìjàyè ni àwọn ewúrẹ́ ti máa ń fẹsẹ̀ rìn wá, tí wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà wa, kí n lè bá wọn tú èyí tó bá ta kókó fún wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin agboolé wa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí. Ìyàwó àbúrò bàbá mi wà láàárín wọn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wọlé wa, ṣùgbọ́n kò tíì bímọ. Akọ̀wé ló ń pè mí, nítorí síléètì tí mo máa ń gbé kiri, bẹ́ẹ̀ ìwé kejì ni mo wà, ìwé kẹta ni mo sì ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Pẹ̀lú bí mo ṣe kéré tó, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ìyàwó ilé ti ń ṣe fún ọmọ tó bá nílé ọkọ.

Mo ń fọ́nnu kiri láàárín wọn. Ló bá gbé àgbàdo sísun kan sókè.

"Akọ̀wé, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ ni àgbàdo yìí. Kí ni ohun tí gbogbo obìnrin abẹ́ igi yìí ń pè láti àárọ̀, tí èmi nìkan kò lè pè?"

"Tí kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?" ni ìyá mi bi í.

"Wọ́n á gbé iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀, wọ́n á wá bá wa bó ẹ̀gẹ́ ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo rò ó. Ṣé adìyẹ ni? Òun náà ní adìyẹ, ó ń pè é wá jẹun. Ẹlẹ́ran tó ń kiri? Òun ló tiẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pè é. Mo wá ń wò wọ́n. Ẹnì kan pe ọmọ rẹ̀ kó gbé omi wá. Ẹlòmíràn pe tirẹ̀ kó kúrò nídìí iná. Nígbà tí ọ̀bẹ ìyàwó wa kò mú mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló dìde lọ pọ́n ọn. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè.

"Ọmọ ni! Gbogbo wọn ló ń pè é, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò ní."

Gbogbo ọ̀bẹ dúró. Ìyá mi bojú wolẹ̀. Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na àgbàdo náà sí mi.

"Ẹ gbìyànjú, Akọ̀wé. Orúkọ yín ni. Wọ́n ti bí yín kí n tó wọlé yìí, n kò gbọdọ̀ pè é."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀wọ̀ tó ń bù fún mi láràárọ̀ ni ìdáhùn, èmi sì lọ ń wá a níbi tó ti ń dùn ún.

Lóde òní, ìyàwó ọmọ mi ń pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ gbagada, wọ́n á sì dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n bá a wí. Ẹnu wo ni n bá fi bá a wí?

Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ ni ti ewúrẹ́, ẹ kúkú mọ̀. Irọ́ kejì ni ẹ̀rín tí mo ní ìyàwó wa rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn na àgbàdo náà sí mi ni, ó sì tẹrí padà sórí ẹ̀gẹ́ tó ń bó.