Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Díyelé Ohun Èlò Orin Mi

Bí ẹ bá bá mi tí mò ń dá rẹ́rìn-ín lórí ìjókòó mi, ẹ má rò pé ogbó ló ń dà mí láàmú. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá díyelé àwọn ohun èlò orin mi ni mo rántí.

Ilé bàbá mi ní Àrẹ̀mọ ni mò ń gbé, níbi tí ilé ti fara ti ilé, tí páànù tèmi sì ń da omi òjò sórí páànù aládùúgbò. Yàrá iwájú, tí bàbá mi fi ń gba àlejò nígbà ayé rẹ̀, ni mo kó àwọn ohun èlò orin náà sí. Gòjé wà níbẹ̀, agídìgbo wà níbẹ̀, akọ́díọ̀nù, sákárà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti dùùrù kékeré kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó fọhùn, èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì kan fẹ́ sọ nù tí mo ní kí wọ́n tà fún mi. Gìtá ló ṣáájú gbogbo wọn. Mo rà á nígbà tí mo wà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí a ṣì ń wọ gáùn lọ jẹun alẹ́, tí a máa ń rò pé nígbà tí a bá fi máa jáde, gbogbo ayé á ti dúró dè wá lẹ́nu géètì. Mo gbé gìtá náà lọ sí orí òkè Mápó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ṣeré fún ọmọbìnrin kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó máa ń sọ fáwọn ọmọ wa pé torí kí n lè dákẹ́ lòun ṣe gbà láti fẹ́ mi. Ó ti lọ báyìí. Gìtá náà ṣì wà.

Òjò ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó jò wọ yàrá náà, ó sì rin akọ́díọ̀nù gbingbin. Ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Bódìjà, wá wò ó, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kó wọn lọ sílé mi. Yàrá kan ṣófo níbẹ̀, kò jò, kò sí eku."

"Kí ni akọ́díọ̀nù fẹ́ lọ ṣe ní Bódìjà? Gbogbo ilé ló ní géètì, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì."

"Ìyẹn náà ló dáa níbẹ̀."

A fà á síwá, a fà á sẹ́yìn. Níkẹyìn a ṣe àdéhùn: òun á mú ilé iṣẹ́ adójútòfò kan wá. Bí wọ́n bá gbà láti dójú tòfò gbogbo rẹ̀, ohun èlò orin mi á dúró sí Àrẹ̀mọ. Bí wọn kò bá gbà, ọkọ̀ á wá kó wọn. Mo gbà, nítorí ó dá mi lójú pé kò sí ilé iṣẹ́ tó máa rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo nu dùùrù náà títí ó fi ń dán bí orí àgbàlagbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá díyelé, ó wọ táì, ó sì ní ojú ẹni tí kò tíì jẹun. Iná ò sí, la bá tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta, a kó gbogbo ẹrù náà sórí rẹ̀. Ó ń ya fọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi mí lórí gbogbo wọn: ta ló ni ín, báwo ló ṣe dọ́wọ́ yín, ṣé ó ṣì ń dún?

"Èyí tí kò bá dún, Daddy, iye igi àti irin ara rẹ̀ nìkan la máa kọ fún un."

Ọ̀rọ̀ yìí ló dé orí mi bí ẹmu. Mo tẹ dùùrù, aáyán kan jáde láti inú rẹ̀, ohùn náà sì tẹ̀ lé e. Mo fa gòjé, ewúrẹ́ ìsàlẹ̀ ilé dáhùn. Mo ta agídìgbo, adíyelé náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi ẹsẹ̀ láìmọ̀. Ọmọ mi dijú bí ẹni tí eyín ń dùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ti di ọmọ yunifásítì padà.

Ó wá kan kàkàkí. Fèrè idẹ gígùn nì, tó gùn ju èmi tí mo ni ín lọ, ọwọ́ ọkùnrin kan ní Ṣáṣá ni mo ti rà á. Mo to oríkèé rẹ̀ pọ̀.

Ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ rọra. Ẹ rántí èémí yín."

Adíyelé ní, "Kò di dandan, sà. Mo lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ní irọ́ ni, kò ní í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọjú rẹ̀ sí ìta, mo fọn ọ́. Ohùn tó jáde dà bíi ti màlúù tó dúró ní Bẹẹrẹ tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà. Nítorí pé ó dùn mọ́ mi, mo tún un fọn.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé àga mọ́gàjì wa ṣófo. Mọ́gàjì, olórí ẹbí wa, ti kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbà sì ń ṣe ìpàdé lórí ẹni tó máa jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu wọn ò kò. Ní agboolé wa, wọn kì í fọn kàkàkí láàárọ̀ ọjọ́ lásán. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú mọ́gàjì tuntun ni wọ́n ń fọn ọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ló kọ́kọ́ dé, ìyá àgbà tó jẹ́ ọmọ bíbí ilé wa, tó ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba. Ó ń sáré, ó ń so ìró rẹ̀ mọ́dìí bó ṣe ń bọ̀.

"Tíṣà, ìwọ ni wọ́n mú?" Orúkọ iṣẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ṣì ń pè mí.

"Wọ́n mú mi fún kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Má ṣe ojú ayé fún mi. Gbogbo Àrẹ̀mọ ti gbọ́. Ẹ̀yin ọkùnrin lọ ṣèpàdé lẹ́yìn wa, ẹ wá mú ẹni tí kì í rántí ibi tó bọ́ bàtà sí." Ó ń bú mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń kúnlẹ̀ ìdajì. "Ó dáa náà. Wàá pẹ́ lórí rẹ̀."

Mo ṣàlàyé. Kò gbọ́, torí pé àwọn tó tẹ̀ lé e ti dé, àwọn tó tẹ̀ lé àwọn yẹn náà sì ń bọ̀. Wọ́n wá láti Òkè Padre, wọ́n wá láti Oníyanrìn. Ẹnì kan gbé páálí málìtì wá. Ẹnì kan fa adìyẹ lé adíyelé lọ́wọ́, ó sì dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táì rẹ̀. Wọ́n ń kì mí, wọ́n ń kì bàbá mi, wọ́n sì ń kì mí ní oríkì tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ó yẹ kí n dá wọn lẹ́kun kíákíá. Mo dá wọn lẹ́kun, ṣùgbọ́n n kò kánjú.

Nígbà tó yé wọn tán pé kò sí mọ́gàjì kankan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ. Ojú wọn ti bọ́ sórí ẹní.

Ẹ̀gbọ́n mi olóṣẹ ní, "Akọ́díọ̀nù bàbá mi rèé."

Adíyelé gbójú sókè. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ín ni?"

"Bàbá mi ló ni ín."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá yín ló fi fún mi. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

"Bàbá fi fún ọ. Ṣé ẹbí fi fún ọ? Ìpàdé wo la ti jókòó sọ ọ́? Ohun tó ń lù káàkiri òde tó fi bọ́ wa, tó fi rán wa nílé ìwé, òun nìkan ló máa wá gbé e fún ọ bí ẹni bu ẹ̀pà fún ọmọ?"

Gbogbo èrò mi orí. N kò lè jà á níyàn. Ní ilé wa, ohun tí ọkùnrin bá fi ṣiṣẹ́ jẹun, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ni ín, òun nìkan kò lè fi tọrẹ, bó ti wù kó fẹ́ràn ẹni tó gbà á tó. Èmi tí mo lọ yunifásítì, tí mo dàgbà sínú ilé náà, mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, kò kàn tíì wá sí mi lọ́kàn pé ó kan akọ́díọ̀nù. Ẹnì kan tún na ọwọ́ sí gòjé. Ẹlòmíràn gbé agídìgbo lé orókùn, ó ní àbúrò bàbá òun ló ta á nípàá nígbà tó bínú tí pátákó rẹ̀ fi ya. Sákárà rí ẹbí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rí ẹbí méjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Adíyelé ń fa ìlà pa ohun tó ti kọ, ó fi apá kejì há adìyẹ mọ́ra.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Daddy. Ohun tí kì í ṣe tẹni, a kì í bá èèyàn dójú tòfò rẹ̀. Gìtá, dùùrù àti fèrè yìí nìkan ló kù."

Ẹ̀rín kúrò lójú mi. Ọmọ mi kò tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Àdéhùn làdéhùn, Bàbá. Màá pe ọkọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i. "Ọkọ̀ tó ń lọ síbo?"

"Bódìjà ni, Màmá. Ilé yìí ń jò."

"Wàá gbé akọ́díọ̀nù bàbá mi lọ sí Bódìjà?"

"Kó má baà bàjẹ́ ni, mà."

"Kí bàbá mi bi mí lọ́run pé akọ́díọ̀nù òun dà, kí n ní ó wà lẹ́yìn géètì, ajá ń ṣọ́ ọ?" Ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Bí òjò ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu, tún páànù ṣe. Ohun ilé yìí ò kúrò nílé yìí."

Àwọn tó ni gòjé náà jókòó. Àwọn tó ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ pa ìjà tì, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ mi, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tó máa kúrò lójú mi. Ọmọ mi wò wọ́n, ó wò mí, ẹ̀rín tó ti ń pa mọ́ láti àárọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀, títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe káfíńtà.

Ìwé adójútòfò náà dé nígbà tó yá, ó kúrú, mo sì fi í pamọ́. Páànù tuntun náà dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn tó ni ẹrù ti ń wá wo ẹrù wọn, ẹni tó bá sì wá wò ó kì í lọ láì gbé e dún. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá kọ́kọ́ rọ̀, ọmọ mi pè mí láti Bódìjà.

"Bàbá, ṣé ó ń jò?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé akọ́díọ̀nù há àyà, gòjé ń ké, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí kìíní, ẹbí kejì ń dúró kó kàn án. Mo pariwo sínú fóònù pé n kò mọ̀, pé láti bí wákàtí kan mi ò tíì gbúròó òjò.