Ògì Bàbá Mi àti Àgbàdo Tó Bu

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo rí i. Màmá mi ní kí n wá àgbàdo tí a ó rẹ fún ògì, mo sì tú àpò tó wà nínú ilé ìdáná wa ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Àgbàdo náà ti bu. Nǹkan aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun bò ó. Mo ti kọ́ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì: májèlé rẹ̀ kì í bá omi lọ tán, iná kì í sì í pa á tán. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bà jẹ́. Ẹ̀dọ̀ bàbá mi sì ni dókítà sọ pé ó ti ń kọṣẹ́. Ògì nìkan ló ń dúró nínú wọn.

Àgbàdo tó dára wà nílé o. Ó wà nínú àpò tí a ti rán lẹ́nu, tó fẹ́ bá ọkọ̀ lọ sí Abidjan fún ẹ̀gbọ́n mi. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ẹni tó wà lájò ló ni èyí tó dára, ará ilé a jẹ ìyókù.

Mo ṣàlàyé fún Màmá. Mo ní nǹkan aláwọ̀ ewé náà jẹ́ ìbátan làpálàpá tó wà lọ́rùn mi. Wọ́n wo ọrùn mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Wo ti ọrùn rẹ sàn ná, ọ̀mọ̀wé. Ọjọ́ mẹ́ta la ó fi rẹ ẹ́. Kí ni kò ní bá omi lọ?”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká tú ti Abidjan.”

“Kí n wá fi kí ni ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ra oògùn bàbá rẹ?”

Inú bí mi sí wọn, ojú sì tì mí pé inú bí mi, nítorí láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé ni oorun ti dá lójú wọn. Mo ṣa àgbàdo náà títí. Èyí tó mọ́ kò tó nǹkan, n kò sì gbọ́kàn lé òun gan-an. Màmá ṣáà bù nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n rẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, awakọ̀ wá gbé àpò Abidjan lọ.

Nígbà tí ògì náà kan tán, èmi ni mo gbé e fún Bàbá. Wọ́n mu ún díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní ó kan dáadáa. Wọ́n wá gbójú sókè.

“Kí ló dé tí o ń wò mí bí ẹni ń wo òkú?”

Mo ní kò sí nǹkan.

Àpò àgbàdo tó bu náà kò tíì dé ìdajì. A kò ní owó tí a ó fi ra òmíràn. Bí mo bá sọ fún Bàbá, wọn kò ní jẹun mọ́. Bí mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi, Màmá á ní mo tú àṣírí ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?