Ìdọ̀tí Ìgbín tí Mo Dà Sẹ́yìn Ilé

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdébìnrin, ní abúlé wa nítòsí Ìbògùn, kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa, òjò lè rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó dá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo ohun tó ń fàyà wọ́ nínú igbó ló ń kó wá bá wa nílé. Ọ̀kùn a máa rìn lára ògiri, ọ̀pọ̀lọ́ a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù bí ẹni tó nilé, ekòló a yọ lábẹ́ ẹní tí a sùn lé. Ó ṣì ń rí mi lára bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Èyí tí mo kórìíra jù ni ìgbín. Bí òjò bá dá láàárọ̀, ìyá bàbá mi á lọ ṣa á kún apẹ̀rẹ̀, èmi ni yóò sì pè pé kí n wá fi eérú fọ̀ ọ́. Itọ́ rẹ̀ á máa fà láàárín ìka mi bí ilá, òórùn ìfun rẹ̀ á gba imú mi kan. Mo fẹ́ràn àtijẹ ẹ́ o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́. Fífọ̀ rẹ̀ ni mi ò fẹ́.

Òfin ilé wa ni pé orí ààtàn, kọjá ìdí igi obì, ni kí a da ìdọ̀tí ìgbín sí, nítorí kòkòrò. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti ṣú, ọ̀nà ààtàn kún fún ẹrọ̀fọ̀ àti eṣúṣú. Mo di imú, mo yíjú sápá kan, mo da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn yàrá ìyá mi.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi tẹ́ àbúrò mi, tí kò tíì pé ogójì ọjọ́, sórí ẹní, ó lọ dáná. Òjò ń rọ̀ débi pé a ò tètè gbọ́ ẹkún ọmọ. Ìgbà tí a máa débẹ̀, ìjàlọ ti gba ibi tí mo da ìdọ̀tí sí wọlé, ilẹ̀ yàrá dúdú fún wọn. Wọ́n ti bo ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n wà létí rẹ̀, wọ́n wà níhò imú rẹ̀.

Ìyá bàbá mi gbé e sáré bọ́ sínú òjò. Ó ń fi ọwọ́ já wọn. Èyí tó wọ imú, ẹnu ló fi fà á, ó tu ú dànù. Nígbà tí ọmọ ti ń mí dáadáa, ó yíjú sí wa.

"Ta ló da ìgbín sẹ́yìn ilé?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Ó ń rí mi lára ni."

"Ó ń rí ọ lára, o wá fi sílẹ̀ kí ìjàlọ bá ọ palẹ̀ rẹ̀ mọ́?"

Kò nà mí. Ó fọ́ ìdí ìgbín mìíràn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi omi rẹ̀ pa gbogbo ibi tó wú lára ọmọ, kó lè tù ú. Mo pa á títí tó fi sùn lọ, èébì ń gbé mi, omijé ń bọ́ lójú mi. Àbúrò mi ti di bàbá àgbà l'Ákùtè báyìí. Àpá náà ṣì wà létí rẹ̀.

Igbó yẹn ti di ilé. Ìjàlọ ti wábi gbà, ọjà la sì ti ń ra ìgbín. Lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Mowe níbí, bí òjò bá ti ṣú, àwọn ará àdúgbò á di imú, wọ́n á ju páḿpásì àti ọ̀rá ìdọ̀tí sínú gọ́tà ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Àgbàrá á sì gbé e padà wá sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Wọ́n ń rí mi lára ju itọ́ ìgbín lọ.

Láìpẹ́ yìí ni mo ká ọmọ-ọmọ mi mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ má bínú, ó ń rùn ni."

Ìbínú mi rọlẹ̀. Mo ní kó gbé ọ̀rá náà, mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Ààtàn ayé yìí jìnnà ju tiwa lọ, orúnkún mi kò sì gbà mí mọ́, ṣùgbọ́n a rìn ín débẹ̀.