Ajá Kò Jábọ́ Lórí Àtẹ̀gùn

Ohun tó ń kó Agbẹ̀bí nírìíra kò pọ̀, ṣùgbọ́n itọ́ ajá ni olórí wọn. Ará àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yìí, torí ó fẹ́ ọkùnrin tó ń sin ajá tà, ó sì di pé òun ló ń gbálẹ̀ ilé ajá, tó ń fọ àwo wọn, tó ń gbẹ̀bí wọn. Aṣọ ìnura kékeré kan kì í kúrò ní ìbàdí rẹ̀. Bí ajá bá ti fi ẹnu kàn án báyìí, á nu ibẹ̀ bí ẹni ń ha ìkòkò. Á pòṣé sí ajá, á bú u, á sì tún kúnlẹ̀ tì í.

Nígbà tí wọ́n gbé abo ajá pupa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, òun náà ló gbé e lé itan nínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ti ń tiro tipẹ́. Ó ti wá di pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ajá náà fi ń fò kiri. Itọ́ ń ṣàn sí Agbẹ̀bí lọ́wọ́, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fi àtàǹpàkò ti ìdérí orúnkún ajá náà. Ó yọ̀ kúrò láyè rẹ̀ wẹ́rẹ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ méjì ló wà. Bó bá jẹ́ pé ajá ṣubú ni ẹran tó di orúnkún mú fi ya, òun lè rán an kó le, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àbímọ́ ni, okùn yòówù tí òun bá fi rán an, yóò tú. Òun ní láti gbẹ́ kòtò tí ìdérí náà ń gbà kó jìn sí i, kí òun gé egungun níbi tí iṣan so mọ́ lójúgun, kí òun sún un, kí òun fi irin kàn án. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bímọ mọ́, torí àwọn ọmọ á jogún rẹ̀.

Ọkọ Agbẹ̀bí kò bèèrè èyí tí yóò jẹ́ kí ajá rìn. Èyí tí àpá rẹ̀ kò ní hàn bí irun bá hù ló bèèrè. Ó ní àtẹ̀gùn ilé ni ajá ti jábọ́, kí wọ́n kàn rán an, torí àsìkò tí yóò gba akọ ti ń bọ̀.

Àtẹ̀gùn wo? Ilé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé kò sí ibi téèyàn ó ti gbé ẹsẹ̀ sókè. Àtẹ̀gùn yìí kan náà ni ìyá tó bí ajá pupa ti jábọ́, bí ọkọ Agbẹ̀bí ti sọ fáwọn oníbàárà. Ibẹ̀ náà ni méjì nínú ọmọ ajá pupa ti jábọ́, kí a tó já wọn lẹ́nu ọmú pàápàá. Agbẹ̀bí ti ń gbọ́ irọ́ yìí, ó ti ń gbé e mì, torí wọ́n ní aya kì í já ọkọ nírọ́ lójú àlejò. Ó wo ẹnu ọkùnrin náà bó ṣe ń ro ẹjọ́, tí itọ́ funfun gbá jọ sí igun ètè rẹ̀. Ìríra tó mú un, itọ́ ajá kò mú irú rẹ̀ wá rí.

Dókítà yíjú sí i. "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ó jábọ́ lóòótọ́?"

Ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ajá pupa gbé àgbọ̀n lé e lọ́wọ́. Bó bá dákẹ́, wọn á rán an, á tú, wọn á tún fi akọ gùn ún, òun náà ni yóò sì tún máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àwọn arọ jáde.

"Kò jábọ́," ni Agbẹ̀bí wí. "Ilé wa ò ní àtẹ̀gùn. Bí ìyá ẹ̀ ṣe tiro nìyẹn, bí àwọn ọmọ ẹ̀ náà ṣe ń tiro nìyẹn. Èmi ni mo gbẹ̀bí gbogbo wọn. Ẹ gé egungun tó bá yẹ ní gígé, kẹ́ ẹ sì yọ ilé ọmọ ẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ní obìnrin kò mọ ohun tó ń sọ. Dókítà ní òun kò ní rán ohun tí yóò tú. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn mìíràn tó mú ajá tiwọn wá ti ń na ọrùn láti ìta, oníbàárà ọkọ Agbẹ̀bí sì wà nínú wọn. Ni ọkọ bá gbà tipátipá.

Wọ́n gbé ajá wọlé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí ojú ayé, ó gbé ọwọ́ lé èjìká aya rẹ̀, ó ní kí àwọn máa lọ sílé. Agbẹ̀bí fa aṣọ ìnura yọ ní ìbàdí. Ọwọ́ rẹ̀ rin gbingbin fún itọ́ ajá, kò nù ún. Èjìká rẹ̀ ló nù, bí ẹni ń ha ìkòkò.