Wọ́n Kó Ohùn Bàbá Mi Dànù

Òórùn sítáàṣì lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló máa ń jí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ní ilé wa ní Durumi, ní olú-ìlú Nàìjíríà, bàbá mi a dúró ti tábìlì, wọn a máa lọ aṣọ ìjọ́sìn wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rédíò a wà lójú fèrèsé, níbi tí ohùn rẹ̀ ti ń já geere jù.

Agogo mẹ́fà ni ètò orin àtijọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan péré fún àwa Yorùbá lọ́sẹ̀. "Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí orin ń lọ," ni bàbá mi máa ń wí, "pàdánù orin, kò sì rí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀." Tí orin bá parí, wọn a gbé áyọ́ọ̀nù dúró, wọn a túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Níta, Píjìn là ń sọ, "sànnu" àwọn Haúsá la sì fi ń kí ará àdúgbò. Orin wọ̀nyẹn ni ilé-ìwé Yorùbá wa. Mo ń dúpẹ́ fún un títí dòní.

Ará ìjọ wa ni olóòtú ètò náà, Arákùnrin Káyọ̀dé, tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wá sílé wa lẹ́yìn ìsìn, ó ní àwo orin Yorùbá tó wà nílé-iṣẹ́ rédíò wọn kò tó nǹkan. "Bàbá, ẹ yá wa lára tiyín." Bàbá mi fa páálí kan jáde láti abẹ́ ibùsùn. Ọ̀kan nínú àwọn àwo inú rẹ̀ kò sí lọ́jà níbikíbi: èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Èkìtì ṣe nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ àpọ́n, tí àwọn fúnra wọn sì dá kọ apá kan níbẹ̀.

Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ jẹ́ kó kọ ìwé sílẹ̀ o."

"Ìwé kẹ̀?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹni tá a jọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa láàárọ̀ yìí?"

"Ìgbàgbọ́ ò ní kéèyàn má lo bírò."

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan. Irú àṣìṣe àwa tá a bá ara wa nílùú onílùú nìyẹn: ẹni tó bá ti mọ orin ìyìn wa, ẹ̀jẹ̀ wa ni. Èmi gan-an ni mo gbé páálí náà dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, tí mò ń yan bí ẹni gbé igbá ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ.

Ó tó ọdún mẹ́wàá tí a fi ń gbọ́ ohùn bàbá mi nínú rédíò. Bàbá Jẹ́lílì, mẹkáníìkì ará Ọ̀yọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Apo, a ké láti òdì kejì ògiri: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tún fi orin ṣọ́ọ̀ṣì jí Mùsùlùmí!"

"Yauwa!" ni bàbá mi máa ń fi Haúsá dáhùn pé ó dáa bẹ́ẹ̀. "Ṣebí o ti kírun tán?"

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tuntun dé sí ilé-iṣẹ́ rédíò náà. Wákàtí kan di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Arákùnrin Káyọ̀dé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó lọ sí Bwari lẹ́yìn ìlú. Orin tí wọ́n wá ń pè ní ti àtijọ́ ni èyí tí mo jó sí ní yunifásítì. Nígbà tó yá, wọ́n pa ètò náà rẹ́, wọ́n fi ìpolówó ilẹ̀ títà àti ẹ̀rín rẹpẹtẹ dí àyè rẹ̀. Mo ní kí bàbá mi lọ gba àwo wọn. Bàbá mi ní, "Ohun tá a bá fún ará, Olúwa la fún." Mo gbà. Kò yẹ kí n gbà.

Lọ́dún tó kọjá, Olúwa pe bàbá mi. A fẹ́ kí ohùn wọn dún níbi ìsìn ìsìnkú wọn, ni mo bá lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò náà.

"Àǹtí, àwo kẹ̀?" ni obìnrin tó jókòó níwájú wí. "Nígbà tí wọ́n tún ọ́fíìsì yìí ṣe ni wọ́n ti kó ìyẹn dànù. Inú kọ̀ǹpútà lorin wà báyìí."

"Ṣé ẹ kọ́kọ́ gba ohùn wọn sínú kọ̀ǹpútà náà?"

"Èyí táwọn èèyàn ń béèrè ni wọ́n gbà."

"Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

Ó bi mí bóyá mo ní ìwé tí wọ́n fi gba àwo lọ́wọ́ wa. Mo pariwo débi pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọlé. "Kai, Màdáámù, sànnu," ló ń wí, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Wọ́n ní orin gbọ́dọ̀ bá ìgbà mu. Ìgbà ta ni? Àwa tá a ti ń tẹ́tí sí wọn láti ìgbà tí wọn ò ní ju yàrá méjì lọ, ṣé a ti kú ni? Ohun ẹlòmíì ni wọ́n kó sórí ààtàn, wọn ò tilẹ̀ pè wá lórí fóònù. Pásítọ̀ wa ní kí n dárí jì wọ́n. Mò ń gbàdúrà sí i. Ìdáríjì náà ò tíì dé.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi nínú jù wà nínú ilé tèmi. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi ní kí n kọ orin bàbá àgbà fún òun. Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ kìn-ín-ní jáde. Ẹsẹ kejì kò wá. Mo pe ìyá mi, àwọn náà ò rántí ju ọ̀rọ̀ méjì lọ. Lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo lè kọ orin yẹn dópin, títí kan ibi tí bàbá mi ti ń mí. Mo wá fi í sọ́wọ́ rédíò, mo gbà pé yóò máa bá mi kọ ọ́ lọ, mo sì lọ kọ́ orin mìíràn. Mo ti lé lógójì ọdún báyìí, mo kàwé, mo ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn sì mọ̀ jù mí lọ.

Ọmọ mi ṣì dúró, ó ń wo ẹnu mi.