Àmì Tí Mo Yọ Kúrò Lórí Ọ̀rọ̀ Ìyá Mi

Òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí à ń gbé ní Ìdímù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìyá mi á ti gbé ẹ̀rọ wọn síta sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ti ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú agolo òróró, wọ́n á máa fi kan ihò kọ̀ọ̀kan tó wà lára ẹ̀rọ náà bí ẹni ń kán oògùn sójú ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà, yàrá tó kọjú sí títì nínú ilé tí a rẹ́ǹtì ni. Tí òróró yẹn bá wá pàdé èéfín áyọ́ọ̀nù eléèédú, oorun mi parí nìyẹn. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ọkàn mi máa ń rọ̀.

Kì í ṣe aṣọ ni ìyá mi ń rán o. Orúkọ ni wọ́n ń kọ sára aṣọ. Aṣọ iléèwé, fìlà, aṣọ ìnujú tí wọ́n fẹ́ pín níbi ìkómọ, ohunkóhun tí òwú bá ti lè wọ̀, ìyá mi á kọ orúkọ sí i. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó tẹ̀ lé bàbá mi wá sí Èkó, àwọn oníbàárà sì ń wá láti Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan tó máa ń bí àwọn tó bá ń kánjú nínú. Tí o bá mú orúkọ wá lórí bébà, wọn ò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ àfi tí o bá la ẹnu rẹ pe orúkọ náà. "Pè é kí n gbọ́," wọ́n á ní. "Bébà ò lóhùn." Ọkùnrin kan kọ "Ayo" wá fún aṣọ ìyàwó rẹ̀, ó ń fapá jánú pé kí ni wọ́n tún fẹ́ gbọ́ nínú ìyẹn. Ìyá mi bi í bóyá ayọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ àbí ayò tí wọ́n ń ta lábẹ́ igi. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì pè é. Tí ẹ̀rọ bá ti kọ orúkọ tán, ọwọ́ ni ìyá mi fi ń rán àmì orí àti àmì abẹ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ní ẹ̀rọ ò lè ṣe nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kó dára.

Èmi ni mo máa ń gé òwú tó bá yọ síta. Níbi tí mo ti ń gé òwú ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ ò sì tán lẹ́nu wọn rí. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní nǹkan bí ọdún 2010, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ náà sórí búlọ́ọ̀gì, ojú ewé tèmi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa la ní búlọ́ọ̀gì nígbà yẹn, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ẹ ò ní purọ́. Káfè Bọ̀dá Fẹ́mi, níbi tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò jìnnà sílé wa, wákàtí kan ni ìyá mi sì gbà mí láyè níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ọ̀rọ̀ Ìyá Mi ni mo pe búlọ́ọ̀gì náà. Ọ̀rọ̀ kan lọ́sẹ̀ kan: ohun tí ìyá mi sọ àti ohun tó mú wọn sọ ọ́. "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́," èyí tí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bú ọ̀rẹ́ mi, ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù káfè ò mọ Yorùbá, torí náà mo kó gbogbo lẹ́tà tó ní àmì sínú fúláàṣì, mò ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ìlà mẹ́rin lè jẹ ìdajì wákàtí mi.

Ojú búlọ́ọ̀gì yẹn burú, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọbẹ̀ tó jóná. Mo gbé aago sí ọ̀tún, mo gbé òdòdó tó ń já bọ́ sí òsì, mo tún fi orin kan tó máa ń ké fúnra rẹ̀ sí i, èèyàn á sì máa wá ibi tí yóò ti pa á. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Lọ́jọ́ kan mo rí búlọ́ọ̀gì ọmọbìnrin kan lókè òkun: ojú ewé funfun báláú, lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, àyè gbàgede láàárín ọ̀rọ̀. Ó wù mí dé ibi tí mo fi jowú. Mo bẹ Bọ̀dá Fẹ́mi pé kí a tún tèmi ṣe, Sátidé mẹ́ta la sì fi ṣe é. A yọ aago, a yọ òdòdó, a pa orin. Òpó mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ pín sí, a sọ ọ́ di ẹyọ kan. A gbé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mi sí ẹ̀gbẹ́, èyí tí mo yà fún fọ́ọ̀mù iléèwé, tí mo fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀.

Wàhálà wá kan orúkọ. Lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ràn yẹn ò mọ àmì kankan. Níbi tí lẹ́tà alámì bá wà, àpótí kékeré òfìfo ló ń yọ. Bọ̀dá Fẹ́mi ní kí a mú irú lẹ́tà mìíràn. Èmi kọ̀. Kàkà kí n fi lẹ́tà tó rẹwà sílẹ̀, mo yọ gbogbo àmì kúrò lórí orúkọ náà, ó di "oro iya mi". Bọ̀dá Fẹ́mi bi mí bóyá èèyàn á rí i kà bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ni kò ní mọ̀ ọ́n, jàre. Èmi tí ìyá mi ń fọwọ́ rán àmì lójú mi lójoojúmọ́!

Iṣẹ́ náà wú Bọ̀dá Fẹ́mi lórí, wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà kí àwọn oníbàárà lè rí i. Ibẹ̀ ni ìyá onílé wa bá a. Ọmọ bíbí Ìdímù ni wọ́n, wọ́n sì kọ́ Yorùbá níléèwé láyé ìgbà tí tíṣà ń fi ẹgba kọ́ni. Wọ́n wá ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n jókòó, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ojú mi tó fà ro, wọ́n sì rí ohun tí a kọ sókè rẹ̀. Wọ́n kà á ní oró ìyà mi. Kí wọ́n tó ka ìlà kejì, iná lọ. Wọ́n kó bébà wọn, ó di ilé. "Ìyá Rùkáyà," ni wọ́n wí fún ìyá mi, "ọmọ rẹ ń sunkún ìyà fún gbogbo ayé nínú kọ̀ǹpútà."

Nílé ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú, ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi wú fún oṣù mẹ́ta, wọn ò lè ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ìlú Àgbàdo ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wálé. Èmi ni mo fi iléèwé sílẹ̀ fún sáà kan gbáko, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ kí oníbàárà má bàa sá. Mo tún kíláàsì yẹn ṣe. Àwọn ará ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìyá mi sọ ọmọ wọn di ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ. Èmi pẹ̀lú wọn ò sọ̀rọ̀ nípa sáà yẹn rí. Nígbà tí ìyá onílé wá gbé oró ìyà wálé, egbò tí kò tíì jinná ni wọ́n tẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi dákẹ́. Kì í ṣe ti ìbínú; tí wọ́n bá bínú, Rùkáyátù ni wọ́n ń pè mí, gbogbo ilé á sì gbọ́. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, wọ́n ń rán mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò wojú mi. Ẹ̀rù bà mí, torí n kò mọ ohun tí mo ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, bí mo ṣe ń gé òwú lọ́wọ́, wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n sọ ohun tí ìyá onílé rí fún mi. Wọ́n wá bi mí: "Rùkáyà, ṣé mo fìyà jẹ ọ́ ni?"

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, nítorí ara tù mí pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé: pé lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ ò mọ àmì, pé àpótí ló ń yọ, pé kì í ṣe oró, ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ìyà, ìyá ni. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n ká aṣọ ọwọ́ wọn, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ wò ó.

Wọ́n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Mo ka ohun tí mo ti kọ fún wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn fúnra wọn. Wọ́n ń mi orí. Níbì kan wọ́n ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀ rí, irọ́ ni mo pa mọ́ àwọn ṣá, Bọ̀dá Fẹ́mi sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n nawọ́ sí òkè ojú ewé, wọ́n ní kí n pè é kí àwọn gbọ́. Mo pè é: Ọ̀rọ̀ Ìyá Mi. "Ohun tí o pè kọ́ lo kọ," wọ́n ní. "O fẹ́ kó rẹwà, o wá gba ohùn kúrò lára rẹ̀." Ojú tì mí gan-an.

Nígbà tí a délé, wọ́n gé aṣọ funfun kan, wọ́n fi òwú aláwọ̀ aró kọ orúkọ búlọ́ọ̀gì mi sí i, wọ́n sì fọwọ́ rán àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá Fẹ́mi ya aṣọ náà ní fọ́tò, a gbé e sókè ojú ewé, a sì mú irú lẹ́tà tó mọ Yorùbá fún ìyókù. Mo yọ fọ́tò tí mo ti fajú ro. Kò sí búlọ́ọ̀gì kankan tó jọ tèmi. Ọmọbìnrin òkè òkun yẹn gan-an ò nírú ẹ̀. Mo mú ìyá onílé lọ wò ó, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí, wọ́n sì ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ wa ní Yorùbá níléèwé dáadáa, bí ẹni pé èmi ni ìjọba.

Lónìí, títo ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń jẹun. Ìdí ẹ̀rọ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, n kì í sì í tijú láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí. Sáà tí mo pàdánù yẹn ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ láàárín lẹ́tà méjì kí ojú lè rí wọn kà. Ṣé kí n má dúpẹ́?

Láìpẹ́ yìí mo tún búlọ́ọ̀gì náà tò kí ó lè bá ojú fóònù mu. Aṣọ tí ìyá mi rán orúkọ sí gùn jù, orúkọ náà ń gé sí méjì. Mo gba Ìgàndó lọ, níbi tí wọ́n ń gbé báyìí, pé kí wọ́n bá mi rán òmíràn tó kúrú. Dígí ti wà lójú wọn. Ọmọ mi ọlọ́dún méje ń ṣeré lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì ń rán àmì lọ́wọ́, ni ìbéèrè tí wọ́n bi mí nígbà yẹn, pé ṣé àwọn fìyà jẹ mí, bá sọ sí mi lọ́kàn. Èmi náà ti mọ̀ báyìí bó ṣe máa ń rí kí èèyàn máa wo ojú ọmọ rẹ̀, kó máa ro ó bóyá òun ṣe dáadáa sí i. Mo wá rí i pé mo dáhùn ọ̀rọ̀ lẹ́tà nígbà yẹn, n kò dá ìyá mi lóhùn.

"Màmá," mo ní, "sáà tí n kò lọ iléèwé yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ ò fìyà jẹ mí rí."

Wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo rẹ́rìn-ín tí mo ń ṣàlàyé kọ̀ǹpútà, ohun tí àwọn gbọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ọmọ àwọn kàn ń bò ó fún àwọn ni. "Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà," wọ́n ní. "Mo kàn ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ẹ̀ ni."

Omijé bọ́ lójú mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn gbọ́n nídìí kọ̀ǹpútà, ó mọ àlàyé lẹ́tà ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni ìyá rẹ̀ ń wá lẹ́nu rẹ̀, kò rí i sọ fún wọn. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí títí mo fi dàgbà tó ẹni tó lè sọ ọ́. Ìyá mi bọ́ dígí, wọ́n nù ún, wọ́n ní alihamudulilahi. Wọ́n sì ní kí n bọ́ síbí wá bá àwọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́, àwọn ò ríran dáadáa mọ́.