Òtútù Wọ Ilé Lẹ́mọ́ọ̀nù

Nínú kòtò gbọọrọ tí wọ́n fi gíláàsì bò lẹ́yìn ilé wọn nítòsí ìlú Táṣíkẹ́ǹtì ni Sanobar àti Tolqin, ọkọ rẹ̀, ti ń gbin lẹ́mọ́ọ̀nù. Lọ́dún tí àìsàn dá Tolqin dùbúlẹ̀, yìnyín bo ìlú, gáàsì tí wọ́n fi ń mú kòtò náà gbóná kò sì wá mọ́. Sanobar ń fi igi dáná sínú kòtò náà títí igi fi tán. Ó fi àáké la àpótí ìgbéyàwó rẹ̀, ó kó o sínú iná. Síbẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́, òtútù ti sọ gbogbo ewé di dúdú.

"Ìyá Barno, àwọn igi mi ńkọ́?" Tolqin béèrè láti orí ibùsùn.

"Wọ́n wà dáadáa, Bàbá Barno."

"Já ewé kan wá, kí n gbóòórùn rẹ̀."

Sanobar dìde, ó tún jókòó, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Tolqin rí omijé náà, ó sì kọjú sí ògiri.